Ọkùnrin Ìlàjẹ Tó Ń Dirun Ìyàwó Rẹ̀ Níta Gbangba

Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ kó wọlé kí àwọn tó ni ín fúnra wọn tó dé. Mo rántí pé mo jókòó sídìí páálí dráàfù lábẹ́ igi fúrúútù tó wà lágbàálé wa ní Abúlé Òkúta, mo ń purọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, nígbà tí òórùn náà gba ẹnu géètì wọlé, tó kọjá lára kànga, tó wá dúró sábẹ́ imú mi bí àlejò tó mọ ilé tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọlanke tó kó ẹrù wọn tó yọ. Ọkọ ń tì í, ìyàwó di etí rẹ̀ mú, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí ẹni tó ń wọ́dò. Bó ṣe gbé ojú sókè tí kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa, la ti mọ̀ pé kò ríran.

Ará Ìlàjẹ ni wọ́n, láti ìsàlẹ̀ Bàrígà lọ́hùn-ún, létí ọ̀sà. Ẹja ni obìnrin náà ń yan, ọkọ ń pa á, ó sì tún ń hun àwọ̀n. Nígbà tí ojú ìyàwó lọ, àwọn pákó tóóró tí wọ́n fi ṣe afárá láàárín ilé kan sí èkejì lórí omi kò ṣeé rìn fún un mọ́. Ọkọ wá gba yàrá kan nílé tiwa, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ ilẹ̀. Bàbá Aláwọ̀n la sọ ọ́ kó tó di pé ó kó ẹrù tán.

Kí n tó bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí èmi jẹ́ nígbà yẹn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí bàbá mi tó fi ọkọ́ rọ́pò báírò lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀wé pẹ́ tó bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú, bí òun ò tiẹ̀ lọ bá ìwé nílé ìwé, ìwé á wá bá a níbi iṣẹ́. Káàdì ìgbéyàwó ni o, ìwé ètò ìsìnkú ni o, kàlẹ́ńdà ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ni o, kò sí èyí tí ẹ̀rọ mi ò pọ̀ jáde rí. Ibi iṣẹ́ náà ni orí ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì mi gbé sọnù. Bí ẹ bá bi àwọn tí a jọ ń ta dráàfù, wọ́n á ní ọ̀nì ló gé e jẹ létí ọ̀sà, lọ́jọ́ tí mo bẹ́ sómi lọ yọ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí mò ń lọ gbọ́ pé ibọn ọdẹ ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé abẹ tí a fi ń gé bébà ló gé e, níbi tí mo ti ń wo ọmọbìnrin kan tó ń kọjá lójú pópó. Ọmọbìnrin náà ló di ìyàwó mi, nítorí náà n kò lè ní mo pàdánù.

Èyí tó ga jù nínú gbogbo irọ́ mi ni ti ilé mi. Mo máa ń sọ fún wọn lábẹ́ igi pé láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó, n kò mọ ibi tí ìgbálẹ̀ ń gbé. Pé bí mo bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, oúnjẹ á dé. Pé lọ́jọ́ kan tí ọbẹ̀ pẹ́ lórí iná, mo bú ramúramù débi pé àwo fọ́ lórí tábìlì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Bàbá Atẹ̀wé, kìnnìún!" Èmi náà á gbọn orí bí ẹni tó ní gọ̀gọ̀.

Kìnnìún ọ̀hún rèé: bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, á ti fèrèsé, á ti ilẹ̀kùn, á tan sítóòfù, á máa fi páálí fẹ́ èéfín sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó má bàa yọ síta. Ìyàwó mi ló ní àrùn rọpárọsẹ̀. Ó dìde lọ́jọ́ kan láti lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Fọlá Àgoro, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀, apá ọ̀tún kọ̀, ẹnu rẹ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń sè, èmi ni mò ń fọ̀, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì kà á sí ìyà. Ojú ayé ni mo kà sí ìyà.

Nígbà tí òórùn ọbẹ̀ ń já jáde láti yàrá tí obìnrin ibẹ̀ kò lè gbé apá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ta ló ń sè. Ẹnu mi ò dákẹ́ rí. Mo ní ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Mo ní ó máa ń wá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á sè, á fọ̀, á sì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Mo fún un ní ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, mo fún un ní eyín tó funfun bí owú. Bí irọ́ bá ti ní eyín, ẹ̀yin náà mọ̀ pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Àárọ̀ kan ni mo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè dá jẹ ìyìn rẹ̀. Mo bu àwo kan fún káfíńtà tó ń gbé ilé kejì, tí òun náà máa ń wá ta dráàfù. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ó wo ojú ọ̀run.

"Bàbá, ọmọ àbúrò yín yìí, ṣé ó ti lọ́kọ ni?"

Ó yẹ kí n ní ó ti lọ́kọ. Ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ìyìn náà jù. Mo ní, "Kò tíì rí ẹni tó wù ú." Ọ̀sẹ̀ náà ò parí tí káfíńtà fi gbẹ́ àpótí ìjókòó kan wá, igi ìrókò, ó fi bébà ìfági fá a títí ó fi ń dán bí orí apárí. Ó ní kí n gbé e fún un, kó máa jókòó lé e bó bá ń sè. Mo gbé e wọlé. Ìyàwó mi wo àpótí náà, ó wò mí.

"Ẹ ti di wúńdíá, baálé mi," ló wí.

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ohun tó ń dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ ni irun rẹ̀. Obìnrin tó fẹ́ràn irun dídì ni. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ò gbọdọ̀ kọjá kó má pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àìsàn náà ṣì tuntun, onídìrí kan wá di í nínú yàrá, ó jáde tán, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ júwe fún àwọn ará àdúgbò bí ẹnu ìyàwó mi ṣe wọ́. Ìyàwó mi gbọ́. Ó búra pé ọwọ́ àjèjì ò ní kan orí òun mọ́. Irun náà wá ta kókó, mo ń fi síkáàfù dì í mọ́lẹ̀ bí ẹni di ẹrù. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì á kan ilẹ̀kùn, ìyàwó mi á ní kí n sọ pé òun ń sùn. Èmi náà fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá jókòó síta pẹ́nrẹ́n, àṣírí sítóòfù mi á tú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà, àwa méjèèjì, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí.

Ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀lé ìgbà tí wọ́n kó dé ni Bàbá Aláwọ̀n mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ wá sábẹ́ igi fúrúútù. Ó tẹ́ àpò sílẹ̀ fún un, ó gbé ike omi àti ọṣẹ wá, ó tú irun rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi àdín pa á. Nígbà náà ló wá fi òòyà ya irun láàárín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di í. Gbogbo ọwọ́ tó wà lórí dráàfù ló dúró sójú kan. Ká ní ẹṣin ló jókòó tó ń mu tíì, ẹnu ì bá má yà wá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì wo bó ṣe ń di í! Obìnrin tó bá ń di ṣùkú, láti eteetí orí ni yóò ti kó o lọ sí àárín. Tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọ̀n tí wọ́n ń jù sómi, láti ṣóńṣó orí ni wọ́n ti ń hun ún wá sísàlẹ̀, bó bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni yóò máa fẹ̀. Ọ̀nà yẹn nìkan lọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Àárín orí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ya ẹyọ kan sí méjì bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó sì so ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké mọ́ ìdí wọn, bí òjé ìdí àwọ̀n tó ń mú un rì sómi.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ rí ẹnu rẹ̀. "Bàbá Aláwọ̀n, ẹ má bínú o. Ṣé ẹja lẹ fẹ́ fi orí ìyàwó yín mú ni?"

Ọkùnrin náà ò gbé ojú sókè. "Mo ti mú un tipẹ́," ló wí. "Mo kàn ń tún àwọ̀n ṣe ni, kó má bàa bọ́."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá ni, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọkọ fi ní, "Ọma mi, jókòó jẹ́ẹ́, o fẹ́ kí n di etí mọ́ ọn?" Èmi, àgbà òpùrọ́, mo ní n kò ní jẹ́ kó borí wa. Mo ní ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin kan fọwọ́ kan òòyà ìyàwó rẹ̀ lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ọmú ti yọ láyà rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Aláwọ̀n náà rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ òórùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Tèmi, àdín nìkan ló ń rùn," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ò ran án. Mo ti bú èèyàn rí, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọlé sí èèyàn lára. Mo wá ibẹ̀ lára ọkùnrin yìí, n kò rí i.

Nígbà tí mo wọlé, ìyàwó mi ti gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín níta yẹn?"

"Ìyàwó ará Ìlàjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni."

"Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín tó báyẹn?"

Mo ní, "Ọkọ rẹ̀ ń dirun fún un." Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín.

"Níta?"

"Níta."

"Ẹ ṣí fèrèsé."

Mo ṣí i díẹ̀. Fèrèsé náà ké kíìì bí ọmọ ológbò.

"Ẹ ṣí i dáadáa. Ṣé olè la jẹ́ ni?"

Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ti di Sátidé, á ní kí n gbé òun sún mọ́ ojú fèrèsé, á máa wò wọ́n láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí obìnrin bá ń bínú tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rù kì í bà mí; ìgbà tó bá dákẹ́ ni mo máa ń wá fìlà mi. Oṣù ń parí lọ nígbà tó là á fún mi pé ọmọ wa obìnrin tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń bọ̀ wá mú òun, òun yóò sì bá a lọ.

Mo ní, "Kí ló dé? Oúnjẹ mi ò dùn mọ́ ni?"

"Oúnjẹ yín dùn. Ẹ ń sè fún mi, mo dúpẹ́. Ẹ ń wẹ̀ mí, Ọlọ́run rí yín. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń jalè lẹ ń ṣe é. Ẹ wò ó, bí ẹ bá jẹ́ olè, kí lèmi á wá jẹ́? Ẹrù olè nìyẹn, tí wọ́n kó pamọ́ sí yàrá." Ó nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì. "Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń tì yín lójú, ẹ jẹ́ n lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí fèrèsé."

Mo gbé korobá, mo ní mò ń lọ pọnmi. Omi kún inú ilé.

Ìdí kànga ni mo ti yà sọ́dọ̀ Bàbá Aláwọ̀n, níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kí i, mo yí i ká, mo bi í léèrè ẹja, mo bi í léèrè ọ̀sà. Níkẹyìn mo ní ọmọ àbúrò mi obìnrin kan wà, irun tó ń dì yìí wù ú, ṣé ó lè kọ́ mi díẹ̀ kí n lè lọ fi hàn án. Ọkùnrin náà wo ojú mi. Ó wo ọwọ́ mi.

"Ọmọ àbúrò yín náà," ló wí, "ṣé òun náà ò ní orí ìka ìfábẹ̀lá?"

Ẹ̀fín ni ìwà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó, ó ti rí i. Mo jókòó sílẹ̀. Ó fa fọ́nrán òwú àwọ̀n mẹ́ta lé mi lọ́wọ́, ó so orí wọn mọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n di wọ́n. Bí mo ṣe ń di wọ́n tí wọ́n ń wọ́, mo bi í bó ṣe bẹ̀rẹ̀, àti pé ṣé ojú kì í tì í.

Ó ní, "Nígbà tí ojú rẹ̀ lọ, kì í jẹ́ ká di irun òun. Ó ní bí wọn ò bá di í dáadáa, òun ò ní rí ẹni tó ń fi òun rẹ́rìn-ín. Mo ní kò burú, èmi ni n óò máa di í, níta sì ni n óò ti máa di í. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á rí mi níbẹ̀, á fi mí rẹ́rìn-ín." Ó gé òwú pẹ̀lú eyín. "Ti ojú títì tí ẹ wí yẹn, níbi tí a ti wá, orí omi ni ilé wà, pákó sì ni wọ́n fi kàn án. Ẹja ń wò ọ́ láti ìsàlẹ̀, aládùúgbò ń wò ọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Níbo lo fẹ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́? Ọwọ́ mi yìí ti hun àwọ̀n fún ẹja tí ò mọ̀ mí rí, Bàbá. Ẹni tó mọ̀ mí wá ńkọ́?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ nìyẹn. Kò wàásù, kò ní kí n ṣe báyìí. Ó kàn ní ẹ̀gbẹ́ òsì mi dẹ̀ jù, kí n fà á díẹ̀.

Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí ọmọ wa máa dé, dráàfù ti gbóná lábẹ́ igi, Bàbá Aláwọ̀n ti jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Mo gbé àpótí ìrókò jáde. Àyà mi ń lù débi pé mo rò pé ẹlòmíì ń gúnyán. Mo gbé e kalẹ̀ ní àárín àgbàlá, mo pa dà wọlé, mo gbé ìyàwó mi jáde ní apá méjèèjì bí ìyàwó tuntun. Mo gbé e jókòó. Mo tú síkáàfù lórí rẹ̀, irun tó ta kókó náà sì yọ síta lójú gbogbo ayé.

Káfíńtà ti dìde.

"Bàbá Atẹ̀wé. Àpótí ọmọ àbúrò yín kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni."

"Òun fúnra rẹ̀ dà?"

Irọ́ mẹ́ta ló sáré wá sẹ́nu mi. Mo lè sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún yín títí dòní, wọ́n dára. Mo gbé òòyà sókè. Mo ní, "Èmi ni ọmọ àbúrò mi."

"Ẹ ní kí ni?"

"Èmi ni mò ń sè."

"Ẹ̀gúsí yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀wà tó jóná díẹ̀ yẹn?"

"Èmi náà ni. Kò jóná, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ẹ̀rín bú lábẹ́ igi débi pé ọmọ dráàfù tú ká sílẹ̀. Ẹnì kan ń pariwo, "Káfíńtà, ìyàwó yín rèé o, irùngbọ̀n wà lójú ẹ̀!" Ojú ń gbà mí tì. Ṣùgbọ́n mo ti fi òòyà kan orí rẹ̀, mo sì rí i pé ọwọ́ mi ò gé sílẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ tí nǹkan wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi. Bàbá Aláwọ̀n ló ń fa àpò ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ wa, tó gbé e jókòó ti tèmi, èjìká kan èjìká. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín," ló wí fún mi. "Ẹ má kánjú."

Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́. "Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí?"

"Èmi ni o," ìyàwó mi wí, "ará yàrá tó kọjú sí yín."

"Háà! Ẹ̀yin lẹ máa ń wò wá láti ojú fèrèsé."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Fèrèsé yín máa ń ké."

Bí mo ṣe gbọ́ tí ìyàwó mi rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ wọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó wọ́ lójú gbogbo wọn, kò sì fi ọwọ́ bò ó. Káfíńtà nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ sì jẹ́ kí n fi ìrókò gidi gbẹ́ àpótí fún yín," ó sì bínú lọ sílé.

Ìgbà tí mo di irun náà tán, ó rí játijàti bí ọ̀nà Bàrígà lẹ́yìn òjò. Ẹyọ kan lọ sọ́tùn-ún, ó pa dà, ó tún ronú, ó lọ sósì. Wọ́n gbé dígí wá fún un. Ó wo ara rẹ̀ pẹ́. Omi lé sí i lójú.

"Ẹ ti sọ mí di ẹja," ló wí fún mi. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wá ọwọ́ òsì mi, ó di ìka tí kò lórí yẹn mú.

Ọmọ wa dé lọ́jọ́ kejì tòun ti báàgì òfìfo tó fẹ́ fi kó ẹrù. Ó bá ìyá rẹ̀ níta nínú oòrùn, ó ń bá ìyàwó Bàbá Aláwọ̀n jà lórí bí wọ́n ṣe ń yan ẹja. Ọmọ náà dúró ní ẹnu géètì.

"Mọ́mì! Ta ló ṣe yín báyìí?"

"Bàbá rẹ ni."

"Ẹ jẹ́ ká máa palẹ̀ mọ́ jàre."

"Ká palẹ̀ mọ́ lọ síbo?" ìyàwó mi wí. "Sátidé ló ní òun máa tún un dì. Ó ní ẹ̀gbẹ́ òsì máa gún lọ́tẹ̀ yìí."

Báàgì òfìfo náà pa dà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹja yíyan nínú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbé odó jáde tí mo gúnyán. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé ni n kò ti jẹ iyán, nítorí odó ni ohun kan nínú ilé ìdáná tí èèyàn ò lè lò ní bòńkẹ́lẹ́. Mo gún un débi tí wọ́n fi gbọ́ ọ dé Oyíngbò. Ẹ má jẹ́ n purọ́. Wọ́n gbọ́ ọ dé ilé kẹta.

Ní ti káfíńtà, kò wá sídìí dráàfù fún ìgbà díẹ̀. Àárọ̀ kan ló yọ, kò jókòó, ó lọ dúró lọ́dọ̀ Bàbá Aláwọ̀n, ó ń fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀.

"Bàbá, orí ọmọdé ńkọ́? Ṣé dídì rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ìgbà yẹn la tó mọ ohun tó ń wá ìyàwó fún lójú méjèèjì. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ó ní ọmọbìnrin kan. Nígbà tí ìyá ọmọ náà kú, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkòròdú, nítorí wọ́n ní ọkùnrin ò lè dá tọ́ ọmọbìnrin, pé ta ni yóò máa di irun rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ò ráyè, ó gé irun ọmọ náà mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí káfíńtà bá lọ wò ó, ọmọ náà á bi í pé, "Dádì, ìgbà wo lẹ máa rí ìyàwó kí n lè wá sílé?" Nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbẹ́ àpótí fún obìnrin tí kò sí láyé. Nígbà tí mo gbọ́, mo wojú ilẹ̀. Kó tó di pé irun orí ọmọ náà hù tó èyí tí wọ́n lè fi òòyà mú, ó ti wà nílé bàbá rẹ̀, bàbá sì ti fi òwú kọ́ṣẹ́ tán lára ìṣó ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ káfíńtà gún ju tèmi lọ. Wọ́n kọ́ ọ láti fa ìlà tó tọ́.

Ọdún ti ń gorí ọdún. Ìyàwó Bàbá Aláwọ̀n ti sùn nínú Olúwa, ọkùnrin náà sì ti pa dà sí etí ọ̀sà. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, mo sọ fún un bí nǹkan ṣe rí lágbàálé wa lẹ́yìn rẹ̀, pé ọkùnrin tó fẹ́ fọṣọ ìyàwó rẹ̀ a fọ̀ ọ́ lójú oòrùn, pé ọmọ káfíńtà ti ń di irun fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, láti àárín orí wá sísàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo ní òun ló fà á. Ó wò mí bí ẹni tí mo tún ń purọ́ fún. "Bàbá Atẹ̀wé," ló wí, "irun ìyàwó mi ni mò ń dì."

Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yẹn bí mo bá jókòó. Àwọn pásítọ̀ ti wàásù fún mi rí, àwọn àgbà ti gbà mí nímọ̀ràn, mo sì fi ẹ̀fẹ̀ yẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin yìí ò bá mi sọ nǹkan kan. Ó kàn ṣe ti ara rẹ̀ níbi tí ojú mi tó o. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ yàrá ẹlòmíì nìyẹn, bí aládùúgbò bá ṣí fèrèsé tirẹ̀.

Ìtàn mi pọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Àwọn ọmọdé gba ti ọ̀nì gbọ́, wọ́n gba ti àwo tó dá fọ́ gbọ́. Ti ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jókòó lábẹ́ igi ní Abúlé Òkúta tí wọ́n ń dirun nìkan ni wọ́n máa ń jiyàn lé lórí pé, "Bàbá, ẹ ti bẹ̀rẹ̀." Òun nìkan sì ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ yà lọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án Sátidé. Ìyàwó mi á wà níta lórí àpótí ìrókò. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ti fọ́nká, kò gba àsìkò mọ́. Èmi náà kì í kánjú. Ẹ̀gbẹ́ òsì ò tíì gún.